Oníbàárà méjì nínú ìwé àǹtí mi: Ìdíje Gbogbo Áfíríkà 2003 àti ọjà àdìrẹ ní Àbújá

Ìwé kan ń bẹ lọ́wọ́ mi tí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, tí ojú ewé rẹ̀ sì ti ń pọ́n. Àbúrò ìyá mi ló ni ín. Àǹtí ni mo máa ń pè wọ́n. Ní ọdún 2003, àdìrẹ ni wọ́n ń tà ní ọjà Wuse ní Àbújá. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ nígbà náà, n kò tíì ríṣẹ́, nítorí náà èmi ni mo ń bá wọn kọ ìwé ọjà. Ewé mẹ́rìnlá nínú ìwé náà jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ méjì péré: láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá, nígbà tí Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ wáyé nílùú wa.

Àjèjì tí mo kọ orúkọ wọn sínú ewé wọ̀nyẹn pọ̀. Àwọn méjì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Ọ̀kan ra ẹyọ aṣọ mẹ́fà, èkejì ní igba ni òun fẹ́. Ẹni tó ra mẹ́fà ṣì ń bá Àǹtí ṣòwò títí di òní. Ẹni tó fẹ́ igba ló kù díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú kí Àǹtí ti ìsọ̀.

Kí ló mú mi ṣí ìwé yìí lẹ́yìn ọdún méjìlélógún? Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn aṣojú Kọmọnwẹ́ẹ̀tì pàdé ní Glasgow, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé Ahmedabad ní Íńdíà ni ìdíje eré ìdárayá Kọmọnwẹ́ẹ̀tì ọdún 2030 yóò ti wáyé. Àbújá ni ìlú kejì tó ń du ipò náà. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí o: ní ọdún 2007, ìlú Glasgow yìí kan náà ló fi ìbò 47 sí 24 gba ìdíje ọdún 2014 mọ́ Àbújá lọ́wọ́. Àjọ ìdíje Kọmọnwẹ́ẹ̀tì ti ní àwọn yóò ran Nàìjíríà lọ́wọ́ lórí ìgbàlejò ọjọ́ iwájú, ọdún 2034 sì wà lára èyí tí wọ́n dárúkọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ pápá ìṣeré, títì àti hòtẹ́ẹ̀lì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí wọ́n bá ń wá irú ìdíje báyìí wá sílé, wọ́n máa ń ṣèlérí pé yóò jẹ́ kí àwa àti orílẹ̀-èdè mìíràn túbọ̀ máa ṣòwò pọ̀. Ìlérí yẹn ni mo fi ìwé Àǹtí wò.

Ẹni tó bá gbé Àbújá nígbà náà yóò rántí bí ìlú ṣe gbóná. Julius Berger kọ́ pápá ìṣeré tó gba 60,000 ènìyàn sí ẹ̀bá ọ̀nà tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú; owó tó bá a lọ lé ní 300 mílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n kọ́ odindi àdúgbò fún àwọn eléré ìdárayá, èyí tí a ṣì ń pè ní Games Village. Ìpàdé àwọn olórí Kọmọnwẹ́ẹ̀tì tún ń bọ̀ ní oṣù kejìlá ọdún náà, nítorí náà àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ń kun ọ̀dà tọ̀sán tòru. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ló wà lórí àlééfà, ọmọ Abẹ́òkúta, ìlú tí Àǹtí ti ń kó ọjà wá.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, oṣù méjì péré kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ pa nítorí ọ̀ràn àwọn olè tó ń jí mọ́tò gba ibẹ̀ kọjá. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ló fi wà ní títì kí Ọbásanjọ́ àti Ààrẹ Kérékou tó jọ yanjú rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Àǹtí bẹ olórí àjọ kí wọ́n jẹ́ kí àwọn kó àjọ kí ó tó kàn wọ́n. Wọ́n lọ sí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, wọ́n ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ẹ̀lú rẹ, wọ́n ra oníko, wọ́n sì ra kámpálà aláwọ̀ oríṣiríṣi. Ẹrù náà gba Ìbàdàn, Àkúrẹ́, Òkene àti Lọ́kọja dé Àbújá. Èmi lọ tẹ káàdì ìsọ̀: orúkọ ìsọ̀, ojúlé, nọ́ńbà fóònù. Inú mi dùn sí káàdì yẹn púpọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, a kò rí àjèjì kan. Ọkàn Àǹtí kò balẹ̀ mọ́, nítorí gbogbo owó àjọ ti wà nínú aṣọ. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé ẹni tó bá wá díje kì í ráyè ọjà. Bọ́ọ̀sì ń gbé wọn láti ibùgbé wọn lọ sí pápá, ó sì ń gbé wọn padà. Ó di ìgbà tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í já kúrò nínú ìdíje ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ inú ìlú. Ẹni tó ti pàdánù lọ́jọ́ kẹta ṣì ní ọ̀sẹ̀ kan kí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ tó lọ; òun ni oníbàárà. Àwọn tó gba góòlù kò fi bẹ́ẹ̀ yà lọ́dọ̀ wa.

Nígbà tí wọ́n dé tán, a rí ìṣòro kejì. Wọ́n fẹ́ràn aṣọ náà, wọ́n ń fọwọ́ pa á, wọ́n ń béèrè ìtumọ̀ àwọn àmì ara àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Olókun àti Ìbàdàn dùn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé e wò, wọ́n á gbé e padà sílẹ̀. Ó wúwo jù fún àpótí ẹni tó ń wọkọ̀ òfurufú. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ̀ pé abala méjì ni wọ́n máa ń rán pọ̀ di ìró kan, abala kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ọ̀pá méjì ààbọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Àǹtí gbé abẹ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ojú rírán náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó kọ́ wọn níṣẹ́ kò ní fẹ́ rí i. Mo rí i pé ó dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, abala kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bí àkàrà òwúrọ̀.

Owó tí wọ́n fi ń sanwó náà kọ́ wa lọ́gbọ́n. Dọ́là kò ṣòro. Ibi sẹ́fà, owó àwọn orílẹ̀-èdè bíi Bẹ̀nẹ̀ àti Kamẹrúùnù, ni wàhálà wà. A kó gbogbo sẹ́fà tí a gbà pọ̀ lọ bá Mállàmù tó ń ṣẹ́ owó ní Zone 4, ó wò ó, ó sì pín in sí ọ̀nà méjì lórí ẹní. Ó ní, “Wannan na Kwatano ne, wannan kuma na Kamaru.” Ti Kútọnu nìyí, ti Kamẹrúùnù nìyẹn. Báńkì tó wà ní Dakar ló ń tẹ ti àkọ́kọ́ fún àwọn bíi Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Sẹ̀nẹ̀gà. Ti Yaoundé ló ń tẹ èkejì. Iye kan náà ni wọ́n so méjèèjì mọ́, sẹ́fà 655.957 sí yúrò kan, síbẹ̀ o kò lè fi ọ̀kan ná ọjà ní ilẹ̀ èkejì. Mállàmù gba ti Kútọnu ní iye tó dára, nítorí kò sí ọjọ́ tí oníṣòwò kan kì í wá a. Ti Kamẹrúùnù, ó dín in. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà, obìnrin kan tó bá ẹgbẹ́ Bẹ̀nẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì dúró níwájú ìsọ̀. Faransé ló ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ. Àǹtí sọ fún mi lábẹ́ ohùn pé, “Má dín iye yẹn kù, ó máa rà á.”

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ẹ dín in fún mi, mo gbọ́ yín.”

“Háà! Ẹ gbọ́ Yorùbá?”

“Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Kí ni mi ò ní gbọ́?”

Ojú ti Àǹtí, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n gbé àga fún un. Ọ̀rọ̀ ibodè tí wọ́n tì ní oṣù kẹjọ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ, nítorí ìyá obìnrin náà ń ta aṣọ ní Àjàṣẹ́, ìlú tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọ̀sẹ̀ yẹn sì dá ọjà rẹ̀ dúró. Ó ra ẹyọ mẹ́fà, pé kí ìyá òun wò ó. Ó kọ àdírẹ́sì ìsọ̀ ìyá rẹ̀ sínú ìwé mi fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni obìnrin yìí, tí a wá ń pè ní Ìyá Àjàṣẹ́, ti ní ojú ewé tirẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ọkùnrin oníṣòwò kan láti Douala dé, ẹni tó bá ẹgbẹ́ Kamẹrúùnù wá wòran. Pijin la jọ sọ. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni. Ó fi omi ra igun aṣọ kan wò bóyá aró rẹ̀ ń jáde, ó béèrè iye tí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ń náni bí ẹrù bá pọ̀. Ó ní ní orílẹ̀-èdè àwọn, ọjọ́ 8 oṣù kẹta, ọjọ́ àwọn obìnrin, jẹ́ ọjọ́ tí gbogbo obìnrin ń wọṣọ tuntun jáde, òun sì lè ta igba ẹyọ kámpálà ní ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan. Mo kọ nọ́ńbà wa fún un pẹ̀lú 234 níwájú, nítorí òun gan-an ló béèrè fún un. Ìgbà náà ni mo tó wo káàdì tí mo tẹ̀: 0803 ló wà níbẹ̀, kò sí 234. Gbogbo àjèjì tí mo ti fún ní káàdì ṣáájú rẹ̀ kò lè fi nọ́ńbà yẹn pè wá láti ìlú wọn. Títí di òní, ọ̀rọ̀ káàdì yẹn ṣì ń dùn mí.

Ọkùnrin náà kò purọ́. Ní oṣù kejìlá ó pè, ó fi ìdajì owó ránṣẹ́, ó ní òun yóò san ìyókù bí ẹrù bá dé. Àǹtí fi owó náà fún àwọn aláró ní Ìtòkú, wọ́n sì fi gbèsè kún un. Ọyẹ́ ń fẹ́, aṣọ ń gbẹ kíákíá, iṣẹ́ náà sì dára; n kò tíì rí kámpálà tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù kejì ọdún 2004 a di í, a gbé e fún ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kan tó ń gba Ikom lọ sí ibodè Mfum. Ekok ni orúkọ ìlú tó wà ní òdìkejì.

Ekok ni ẹrù náà dúró sí. Àwọn aṣọ́bodè ibẹ̀ béèrè ìwé, wọn kò ṣe ju iṣẹ́ wọn lọ. Ìwé ọjà tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ nìkan ló bá ẹrù náà lọ. Kamẹrúùnù kì í ṣe ara ECOWAS, àjọ ọrọ̀-ajé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àjọ mìíràn ni òun àti Gàbọ́ọ̀nù, Ṣáàdì àti àwọn yòókù jọ wà, owó ibodè tí wọ́n sì ń gbà lórí ọjà tí wọ́n ti ṣe tán fún lílò máa ń tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún, yàtọ̀ sí owó-orí mìíràn. A kò ṣírò ìyẹn mọ́ owó aṣọ. Ọkùnrin náà kò ṣírò rẹ̀. Ó ní kí a jọ san án ní ìlàjì. Àǹtí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mọ́. Ọjọ́ 8 oṣù kẹta kọjá. Ta ni yóò tún ra aṣọ ọdún lẹ́yìn ọdún? Nígbà tí ẹrù padà dé Àbújá, ó ti dín, omi sì ti wọ àwọn kan. Àǹtí tà wọ́n ní iye tí wọ́n rà wọ́n, wọ́n sì fi ọdún kan àti oṣù mẹ́rin san gbèsè tó kù. Ọkùnrin náà ń pè wá títí di oṣù kẹfà láti tọrọ àforíjì. A kò bínú sí i. Òun náà pàdánù ìdajì owó tó fi sílẹ̀.

Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹrù padà dé ni mo tó lọ sí ọ́fíìsì àjọ tó ń rí sí kíkó ọjà lọ sókè òkun, NEPC, ní Maitama. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló gbé mi láti Wuse dé ibẹ̀. Wọ́n fi sùúrù ṣàlàyé fún mi: kí ènìyàn kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akójà-ránṣẹ́, kí ó gba NXP, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń kó ọjà jáde, ní báńkì, kí ó ní ìwé tó sọ ibi tí ọjà ti ṣẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi. Ẹni tó mọ gbogbo ohun tí a nílò wà nílùú kan náà pẹ̀lú wa, ẹni tó fẹ́ ra ọjà wa wà nílùú kan náà pẹ̀lú wa fún ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn méjèèjì kò sì bá ara wọn pàdé níwájú ìsọ̀ wa.

Mo ti ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe láti ìgbà náà. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2012, gbogbo ọjọ́ Òlíḿpíìkì ni ìjọba fi Lancaster House ṣe ilé ìpàdé òwò, tí wọ́n ń mú àwọn oníṣòwò àgbáyé jókòó ti àwọn ilé-iṣẹ́ tiwọn, ìsọ̀rí òwò kan lónìí, òmíràn lọ́la. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n kéde pé bílíọ̀nù 9.9 pọ́ùn ló ti ti inú rẹ̀ jáde. Iye tí ìjọba fẹnu ara rẹ̀ kà ni, n kò sì ní fi í búra. Ohun tó wú mi lórí ni pé wọ́n ti mọ ẹni tí yóò jókòó ti ẹnì kejì kí iná Òlíḿpíìkì tó tàn. Ọsirélíà náà ti ṣe irú rẹ̀ ní Sydney ní ọdún 2000. Ilé-iṣẹ́ ńlá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ọ̀nà gan-an ló nílò ẹni tí yóò fi í hàn án.

Ìyá Àjàṣẹ́ kò nílò ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2004, òun àti ìyá rẹ̀ gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé, wọ́n sì pàdé Àǹtí ní Ìtòkú. Wọ́n sọ Yorùbá, wọ́n jẹ ọ̀fàdà, wọ́n yan aṣọ lójú ara wọn. Sẹ́fà ti Kútọnu ni wọ́n san, èyí tí gbogbo oníṣòwò Èkó ń wá. Òfin ECOWAS ti yọ iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ kúrò nínú owó ibodè láti ọdún 1979, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ kún fún àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró, tí obìnrin sì gbọ́dọ̀ mọ ohùn tí yóò fi bẹ̀ wọ́n. Ọ̀nà yẹn ti wà kí wọ́n tó bí wa. Ìdíje 2003 kàn jẹ́ kí àwọn méjì tó yẹ kí wọ́n ti mọra wọn pàdé ni. Ọkùnrin Douala ní tirẹ̀, ìdíje ló fún wa ní òun, kò sì sí nǹkan kan lẹ́yìn ìdíje tó lè gbé wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: èdè kì í ṣe ọ̀kan, owó kì í ṣe ọ̀kan, òfin ibodè kì í ṣe ọ̀kan. Irú rẹ̀ ló yẹ kí ìjọba tó bá gbàlejò dìde fún.

Ọjà Àjàṣẹ́ náà kò rọgbọ títí. Nígbà tí Nàìjíríà tún ti ibodè ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ó di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó ṣí i, ojú ewé oṣù mẹ́rìndínlógún yẹn sì funfun nínú ìwé Àǹtí. Nígbà tí wọ́n ṣí i, aṣọ títẹ̀ láti Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ ti gba Ìtòkú gan-an. Ìyá Àjàṣẹ́ ṣì ń ra ẹlẹ́kọ tòótọ́, ṣùgbọ́n kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú. Àǹtí lọ síbi òkú náà.

Ìyàtọ̀ ti wà báyìí. Àdéhùn òwò gbogbo Áfíríkà tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní Niamey ní oṣù keje ọdún 2019 ti ń ṣiṣẹ́. Kamẹrúùnù wà lára orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò ní ọdún 2022, Nàìjíríà sì dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 2024. Nígbà tí ìròyìn Glasgow dé ní oṣù kọkànlá, mo sọ fún Àǹtí pé mo fẹ́ wá ọkùnrin Douala rí. Wọ́n ń kó ẹ̀gúsí lórí atẹ, wọn kò gbójú sókè.

“Má pè é kí o tó bi àwọn aṣọ́bodè.”

Mo ti lọ bi wọ́n. Òfin àdéhùn tuntun náà ń wo ibi tí ọjà ti ṣẹ̀ kí ó tó dín owó ibodè rẹ̀ kù, ó sì ń wo ohun tí wọ́n fi ṣe é. Nítorí náà kò tó pé Abẹ́òkúta la ti pa á láró. Mo gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n ti hun aṣọ funfun náà kí ó tó dé ọwọ́ aláró. Mo ti fi ìbéèrè yẹn ránṣẹ́ sí Ìtòkú. Ìwé tí mo ń kọ wà lórí tábìlì mi. Mo ti kọ orúkọ Àǹtí síbẹ̀, mo ti kọ àdìrẹ síbẹ̀, mo ti kọ 234 síwájú nọ́ńbà fóònù. Ojú ìlà tó ń béèrè ibi tí òwú ti wá ṣì ṣófo.